Páìpù Èémí Ilé Màmá Tíṣà

Pámpásì àgbàlagbà ni mo kọ́kọ́ rí. Odindi páálí kan, wọ́n gbé e sórí àga ní pálọ̀, níbi tí gbogbo àlejò ti máa rí i, bí ẹni gbé búrẹ́dì kalẹ̀. Mo béèrè pé ta ló ní in. Ìyá tó ṣílẹ̀kùn fún mi wolẹ̀, ó ní, "Èmi ni wọ́n rà á fún."

Inú bí mi lójú ẹsẹ̀. N kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ o, ṣùgbọ́n inú ti bí mi ná. Obìnrin tó dúró níwájú mi yìí ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ọ̀gá ilé ìwé ni títí ó fi fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀wé ní Akínyẹlé ló sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ a, b, d. Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìró àti bùbá rẹ̀ le gbagidi fún sítáàṣì, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ létòlétò. Ẹni tó bá rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ tó wá ń ro pámpásì, orí onítọ̀hún ló yẹ ká yẹ̀ wò.

Iṣẹ́ púlọ́mbà ni mo ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin ni mí, ó sì ti di ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti wà nídìí ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yanu, kó yára yanu ká lè máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Kẹ́mi ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Púlọ́mbà ni wọ́n ń pè mí láti Ṣáṣá títí dé Mọ́níyà. Akọ̀wé ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, tíṣà ni wọ́n sì fẹ́ kí n dà. Ọjọ́ tí mo sọ fún wọn pé páìpù ni mo fẹ́, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo tún ẹ̀rọ omi ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣe ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ọmọ wọn padà.

Màmá Tíṣà fúnra rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù. Kò fa ọ̀rọ̀ gùn.

"Ìwọ ni púlọ́mbà obìnrin yẹn? Wá wo balùwẹ̀ mi kó tó di Sátidé."

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀ ní Sátidé, Mà?"

"Wọ́n fẹ́ kó mi lọ."

Ọjọ́rú ni mo débẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó sì ro ó fún mi. Òun àti ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ni wọ́n jọ kọ́ ilé náà. Lẹ́yìn tí bàbá lọ, òun nìkan ló kù níbẹ̀, kó tó di pé Káyọ̀dé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta wá ní ọdún méjì sẹ́yìn kí ìyá má baà dá gbé. Ohun rere ni, n kò sọ pé kì í ṣe ohun rere. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n dé ni òórùn kan bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá Màmá, níbi tí balùwẹ̀ wà lára yàrá. Òórùn bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Bùkọ́lá, ìyàwó Káyọ̀dé, ra lọ́fínńdà, ó ra káńfọ̀, ó da oògùn sílẹ̀. Òórùn náà ń padà wá. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé Màmá ò lè mú ìtọ̀ mọ́ra mọ́, pé ìdí balùwẹ̀ ni ó ń dúró sí tó ń tọ̀. Láti orí wúyẹ́wúyẹ́ ó di ọ̀rọ̀ gbangba. Láti orí ọ̀rọ̀ gbangba ó di pámpásì. Wọ́n wá ní Sátidé ni ọkọ̀ máa wá gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ kan ní abúlé ní Lágelú, níbi tí kò ti mọ ẹlòmíì, wọ́n ní torí pé atẹ́gùn dáa níbẹ̀. Kúrò nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o!

Màmá wá ní, "Kẹ́mi, sún mọ́ mi dáadáa. Má bẹ̀rù. Ṣé ìwọ náà ń gbọ́ òórùn lára mi?"

Mo sún mọ́ ọn. Òórùn ọṣẹ ni mo gbọ́, ọṣẹ àti sítáàṣì. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó mi orí bí ẹni tí kò gbà. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ń wẹ̀ lójúmọ́ báyìí. Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí òun ti lọ sí ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì gbẹ̀yìn, torí pé òun ò fẹ́ kí ẹni tó bá jókòó ti òun máa sún kúrò.

"Tí gbogbo ilé bá ń sọ nǹkan nípa rẹ," ó ní, "ó pẹ́ ó yá, ìwọ náà á gbà á gbọ́."

Mo fẹ́ sunkún, mo tún fẹ́ jà. Ìjà ló borí. Mo ní kó fi balùwẹ̀ náà hàn mí kíá.

Kó tó dìde, ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, irú èyí tí ọmọ iléèwé fi ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ti fa ìlà sí i, ó fi bírò pupa kọ ọjọ́, ó fi dúdú kọ ìyókù. Mo kà á. "Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀: àwọn ọmọ lo tọ́lẹ́ẹ̀tì wọn. Balùwẹ̀ mi hó. Òórùn dé." Lábẹ́ rẹ̀: "Aago mẹ́wàá: mo wẹ̀. Òórùn lọ." Lábẹ́ ìyẹn: "Aago méjì ọ̀sán: àwọn ọmọ ti iléèwé dé. Tọ́lẹ́ẹ̀tì. Òórùn dé." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ ní ojú ìwé bíi mẹ́tàdínlógún.

"Mo fi han Káyọ̀dé," ó ní. "Ó ní kí n lọ sinmi."

Ẹ wò ó, mo ti rí àwọn tó pe ara wọn ní ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí tí wọn ò lè ṣe ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ìyá yìí ti mú olè náà, ó ti dì í lókùn, ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò sí. Yunifásítì ni Káyọ̀dé ti jáde, ó wá ní kí ìyá lọ sinmi!

Mo kúnlẹ̀ sídìí ihò tí omi ṣáwà ń gbà lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Mo bẹ Màmá pé kó lọ sí tọ́lẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ, kó tẹ̀ ẹ́ kí omi ṣàn. Ó lọ. Omi ya wàà lọ́hùn-ún. Lọ́dọ̀ tèmi, ihò náà hó, gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀, omi tó wà nínú rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ pátápátá bí ẹni pé ẹnìkan fi ẹnu fà á láti ìsàlẹ̀. Kí n tó ka ogún, òórùn sókàwéè ti gbá mi nímú. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo pariwo, "Màmá! Ẹ̀yin lẹ jàre!"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lábẹ́ gbogbo ihò balùwẹ̀, ibì kan wà tí páìpù ti ká bí ìgbọ̀nwọ́. Tírápù là ń pè é. Omi díẹ̀ máa ń dúró síbẹ̀ nígbà gbogbo, omi yẹn sì ni ilẹ̀kùn tí òórùn sókàwéè ò lè là kọjá. Tí omi yẹn bá fi lè lọ, ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn. Ohun tó sì lè fà á lọ ni omi tọ́lẹ́ẹ̀tì tó ń sáré nínú páìpù kan náà, tí kò rí atẹ́gùn fà lókè. Ìdí nìyẹn tí òfin iṣẹ́ wa fi sọ pé kí a fi páìpù mìíràn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírápù, kó gba inú ògiri gòkè, kó yọrí lórí òrùlé, kó máa fa atẹ́gùn wọlé. Ọ̀gá Múrí tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń pè é ní páìpù èémí. Ó ní, "Ohunkóhun tó bá ń gbé nǹkan mì gbọ́dọ̀ ráyè mí."

Àbí báwo ni ká ti ṣe sọ ọ́ fún àwọn èèyàn wa? Wọ́n á ra táìsì tó ń dán bíi dígí. Wọ́n á ra ilẹ̀kùn tó ga ju ti ààfin lọ. Páìpù kékeré kan tó yọrí lórí òrùlé ni wọ́n á ní ó ń ba ẹwà ilé jẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń fi ọ̀dà pupa kọ "Ẹ dá iṣẹ́ dúró" sára ògiri onílé, ògiri ni wọ́n mọ̀. N kò tíì rí ọ̀kan nínú wọn rí tó bẹ̀rẹ̀ wo páìpù.

Káyọ̀dé àti Bùkọ́lá dé ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti dúró dè wọ́n, ọwọ́ ní ìbàdí.

"Ẹ kú ilé, Mà," ni Bùkọ́lá ní. Ojú rẹ̀ wà lára àpò irinṣẹ́ mi. "Ta ló pè yín?"

"Onílé ló pè mí," mo ní. "Páìpù ló ń rùn, kì í ṣe èèyàn."

Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí wọ́n ń rín fún ọmọdé. Ó ní, "Ìyá Púlọ́mbà, ó ti lé ní ọdún méjìdínlógún tí ilé yìí ti wà. Kò rùn. Ọdún méjì yìí ló bẹ̀rẹ̀. Kí ló yí padà ju ọjọ́ orí Màmá lọ?"

"Tánkì ló yí padà! Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ẹ̀yin lẹ gbé tánkì sórí òpó. Màmá ní kí ẹ tó dé, korobá ni òun àti bàbá yín fi ń da omi sí tọ́lẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní báyìí, omi ń já bọ́ bí òjò, ọmọ mẹ́ta ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó sì ń fa ti Màmá gbẹ."

Ó ṣì ń wò mí. Mo bi í bóyá ó ti dé Ṣáṣá rí níbi tí wọ́n ti ń ta epo pupa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Tí wọ́n bá dorí kẹ́ẹ̀gì epo kodò, báwo ló ṣe ń dún?"

Bùkọ́lá ló dáhùn, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀."

"Tí wọ́n bá wá dá ihò sí ìdí kẹ́ẹ̀gì náà ńkọ́?"

"Ó máa ń dà geere."

"Ihò yẹn ni ilé yín ò ní."

Mo wá bẹ̀rẹ̀ èébú. Ọlọ́run ló mọ̀ pé n kò lè pa á mọ́ra. Mo ní ọ̀lẹ ló ṣe iṣẹ́ yìí. Mo ní ọ̀dájú ni, aláìbẹ̀rù Ọlọ́run ni, ẹni tó gba oúnjẹ oníṣẹ́ jẹ tó wá ṣu sínú àwo. Mo ní tí mo bá mọ ilé rẹ̀, màá lọ bá a, màá sì bi í bóyá kò ní ìyá. Màmá Tíṣà ní, "Kẹ́mi, ó tó," ṣùgbọ́n mo rí i pé ara rẹ̀ yá.

Káyọ̀dé ronú. "Ẹ ṣe é," ó ní. "Tó bá jẹ́ páìpù lóòótọ́, ọkọ̀ Sátidé á padà. Tí kì í bá ṣe páìpù ńkọ́?"

"Tí kì í bá ṣe páìpù, ẹ kó èmi náà sínú ọkọ̀ yẹn."

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo mú Ràímì bíríkìlà lọ. Àgbà bíríkìlà ni Ràímì, a ti jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọdún pípẹ́. Ó fi ṣísù ṣí táìsì, ó fọ́ kọnkéré, mo ń kó o. Nígbà tó máa fi di aago mọ́kànlá, páìpù ti hàn. Páìpù tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ni, ó ti tẹ̀ láàárín torí pé wọn ò gún ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ le, ọṣẹ àti irun ti dì sínú rẹ̀ bí ẹ̀kọ. Mo tún bú ẹni tó ṣe é. Mo fi ìka nu erùpẹ̀ lára ìgbọ̀nwọ́ ibi tí páìpù èémí ti bẹ̀rẹ̀ láti gòkè nínú ògiri. Àmì kan wà níbẹ̀, wọ́n fi iná jó o sára páìpù. Lẹ́tà K, ìlà kan wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo jókòó sórí àfọ́kù kọnkéré.

Àṣà Ọ̀gá Múrí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá so páìpù lọ́dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìṣó gbígbóná jó àmì tirẹ̀ sára rẹ̀ kí wọ́n tó bò ó. Ó ní iṣẹ́ wa yàtọ̀ sí ti káfíńtà, torí pé abẹ́ ilẹ̀ ni tiwa ń wà, ilẹ̀ sì mọ bí wọ́n ṣe ń bo ọ̀lẹ láṣìírí. Tirẹ̀ ni òṣùpá. Tèmi ni K, Kẹ́mi, pẹ̀lú ìlà lábẹ́.

Gbogbo rẹ̀ wá padà sí mi lọ́kàn. Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Igbó ni gbogbo ibẹ̀ nígbà náà, ọ̀nà oko la gbà láti ẹ̀yìn, ilé kò lórùlé, kò ní fẹ́ńsì. Bàbá kan tó máa ń gbọ́ rédíò ló ń bójú tó iṣẹ́. Wọ́n ní iléèwé ni ìyàwó rẹ̀ wà lójoojúmọ́, n kò sì fojú kàn án rí. Ibà dá Ọ̀gá Múrí dùbúlẹ̀, ó wá fi iṣẹ́ náà sí mi lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fi iṣẹ́ odindi ilé sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Mo sáré so páìpù, mo sáré bò ó. Nígbà tí mo fẹ́ yọ páìpù èémí lókè, káfíńtà tó ń kan òrùlé bọ́ sí mi lọ́rùn. Páànù alárànbarà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìgboro nígbà náà ló fẹ́ fi bo ilé.

"Ta ló fẹ́ lu páànù mi?" ó ní. "Tó bá jò lọ́la, ìwọ ni wọ́n máa bú ni, àbí èmi? Obìnrin, gé páìpù ẹ."

Àwa tí a ń kọ́lé ní agbègbè yìí mọ̀ ọ́n dáadáa: kò sí ohun tí onílé bẹ̀rù ju òrùlé tó ń jò lọ. Òrùlé tó bá jò, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Páìpù tó bá rùn, inú ilé ni ìtìjú rẹ̀ máa mọ. Nítorí náà, a máa ń gé e. Mo mú ayùn, mo gé páìpù náà lábẹ́ àjà, mo fi ọ̀rá wé ẹnu rẹ̀, mo fi rọ́bà dì í pinpin. Mo ní màá padà wá gba ara ògiri yọ ọ́ síta. N kò padà. Nígbà tí ara Ọ̀gá Múrí yá, ó bi mí léèrè.

"Kẹ́mi, ṣé páìpù èémí yọrí?"

"Ó yọrí, Ọ̀gá."

"O ṣeun, ọmọ mi."

Ọ̀gá Múrí ti kú báyìí, kí Ọlọ́run fi Àlùjáńnà kẹ́ ẹ. Irọ́ tí mo pa fún un ò bá a kú.

Ràímì rí àmì náà. Ó mọ àmì mi, ó ti ń rí i níbi iṣẹ́ wa tipẹ́. Ó wo mí, ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Púlọ́mbà," ó ní jẹ́ẹ́, "ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ jù sínú àpò. Ta ló máa mọ̀ yàtọ̀ sí èmi àti ẹ̀yin? A sáà ń tún un ṣe."

Èèyàn dáadáa ni Ràímì, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. N kò ní purọ́ fún yín, mo rò ó. Èmi tí mo bú gbogbo ayé lánàá, mo rò ó wò dáadáa. Mo tilẹ̀ ti na ọwọ́ mú ayùn.

Ni Màmá Tíṣà bá yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá fún wa lórí àwo. Ó wo kòtò náà, ó wo ojú mi. Ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọ tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun yege.

"Kẹ́mi, ṣé ẹ ti rí i? Ṣé kì í ṣe èmi?"

Ayùn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀, áà, mo kúnlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ẹ rí i pé orí mi ò pé mọ́. Mo ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin, Mà. Èmi ni." Mo fi àmì hàn án. Mo sọ ti káfíńtà, mo sọ ti ọ̀rá àti rọ́bà, mo sọ ti irọ́ tí mo pa fún ọ̀gá mi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ó gbé àwo náà kalẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹun. Kí o sì parí iṣẹ́ rẹ." Ó yí padà, ó wọ yàrá, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Inú ń bí mi, mo mọ ẹni tí ó ń bí mi sí. Mo fi ìbínú náà ṣiṣẹ́. Mo yọ gbogbo páìpù àtijọ́ tó wà nílẹ̀ kúrò. Ràímì gún ilẹ̀ le, mo fi páìpù tó gbòòrò sí i, mo wọ̀n ọ́n kó lè dà gẹ́rẹ́ títí dé ibi tó ti pàdé ti tọ́lẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe kó sáré jù, kì í ṣe kó dúró. Mo fi tírápù tuntun sí i. Mo gbé páìpù èémí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo so ó mọ́ èyí tó ti wà nínú ògiri tẹ́lẹ̀. Kí a tó bò ó, mo dí ìsàlẹ̀, mo rọ omi kún un, a sì fi sílẹ̀ láti àárọ̀ Jímọ̀ títí di ọ̀sán láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Kò jò. Mo wá gun àjà lọ wo ibi tí mo gé ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Ọ̀rá náà ṣì wà níbẹ̀. Rọ́bà ti gbẹ, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ṣì dí i pinpin. Kò sí nǹkan tí mo tíì fi ọwọ́ mi ṣe tó lágbára tó ìyẹn. Mo fi ọ̀bẹ gé e kúrò, mo gun òrùlé, mo lu páànù, mo yọ páìpù náà síta, mo fi rọ́bà àti ọ̀dà dúdú yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kí òjò má baà ráyè. Bùkọ́lá dúró nísàlẹ̀, ó di àkàbà mú fún mi.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ dé lóòótọ́. Awakọ̀ náà jókòó síta, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo pe gbogbo ilé sínú balùwẹ̀ Màmá, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò. Káyọ̀dé ní kí àwọn ọmọ lọ tẹ omi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Omi ya wàà. Ihò kò hó. Omi inú tírápù dúró bí ó ṣe wà, ó ń dán lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún. A jókòó sínú yàrá fún bíi wákàtí kan, ilẹ̀kùn títì, a ń fa imú bí ajá ọdẹ. Òórùn sìmẹ́ńtì tútù nìkan la gbọ́.

Mo wá sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé èmi ni ọ̀lẹ tí mo bú ní Ọjọ́rú. Ojú Káyọ̀dé le. "Ẹ̀yin!" ó ní. "Ẹ̀yin tí ẹ dúró níbí tí ẹ ń bú èèyàn! Màmá mi fi ọdún méjì jẹ ìyà iṣẹ́ ọwọ́ yín!"

Òótọ́ ló sọ.

Màmá Tíṣà ló dá a dúró. "Káyọ̀dé, bá a wí, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n páìpù nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ta ló ní kí n lọ sinmi?"

Káyọ̀dé wolẹ̀. Bùkọ́lá kúnlẹ̀, ó ti ń sunkún. Ìyá náà rìn lọ sí pálọ̀, ó gbé páálí pámpásì yẹn, ó gbé e lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Tọ́jú ẹ̀ dáadáa. A ò ní í kú léwe, ọjọ́ ogbó ń bọ̀ wá bá gbogbo wa." Lẹ́yìn náà ó ní kí Káyọ̀dé lọ sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ, àmọ́ kó padà wá láago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la. Ó ní òun fẹ́ kó gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí mo ń kó irinṣẹ́ mi, ó wá bá mi. "Mo dárí jì ọ́," ó ní, "torí àdúrà tí mo ń gbà láàárọ̀ àti lálẹ́ ló sọ pé kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì kúrò nínú mi. Kí o máa wá. Kí o máa wá wò ó."

Mo ka àwọn ilé tí mo gé irú páìpù bẹ́ẹ̀ nínú wọn. Èyí tí mo rántí jẹ́ mẹ́rin. Mo lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní ọwọ́ mi ló ṣe é, ọwọ́ mi ló máa tún un ṣe. Méjì jẹ́ kí n ṣe é. Ọ̀kan ní òun máa ronú sí i. Onílé kẹrin lé mi jáde, ó ní òun ò tíì rí àjẹ́ tó máa wá lu òrùlé òun ní ojú òun. Mo béèrè ẹni tó ń gbé yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀ náà. Ó ní ìyá òun ni. Mo bi í bóyá ó ń rùn níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ mọ̀ pé àgbà ti dé sí wọn." N kò tíì fi ilé yẹn sílẹ̀. Oṣooṣù ni mo ń lọ, ó sì máa yọ̀ǹda fún mi, bó fẹ́ bó kọ̀.

Lọ́dọ̀ Màmá Tíṣà, ìdánwò ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe kí n tó jókòó. Kì í kí mi tán tó fi máa ní kí n lọ dúró ti ihò balùwẹ̀. Òun á lọ sí tọ́lẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ, á tẹ omi. Á wá kígbe láti ibẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó fi ń pe orúkọ ní kíláàsì.

"Kẹ́mi! Ó mì?"

"Kò mì, Mà."

"Ó dáa. Wá jókòó."